Ilé ni Wàhálà Iṣẹ́ Abẹ Ojú ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí dókítà ojú bá sọ fún ẹbí pé iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà, awọ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú nínú, yọrí sí rere, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé awọ tí ó ti ṣí ti lẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó dá sábẹ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹbí ní lọ́kàn ní tiwọn ni pé Màmá yóò tún máa ka Bíbélì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, wọn kì í sì í sábà pàdé nígbà tí ojú tí a gbé lọ síwájú dókítà bá jẹ́ ojú àgbàlagbà tí mákúlà rẹ̀, àárín rẹ́tínà, ti ń bàjẹ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Mo ti rí i nínú ẹbí tiwa ní Ìsánlú, mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn mìíràn ní Kàbà, ní Mọ̀pà àti ní Ìyàrá, débi pé mo gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń mú àgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun kejì tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé púpọ̀ nínú wàhálà iṣẹ́ abẹ yìí kì í fi ara hàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó máa ń dúró títí aláìsàn yóò fi padà sílé, ilé tiwa sì jìnnà. Ní ìwọ̀-oòrùn Kogi níbí, ẹni tí ó bá nílò dókítà tí ó mọ iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà ní pàtó, tí kì í ṣe dókítà ojú lásán, Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni ó sábà máa ń forí lé, tàbí kí ó gba Àbújá tàbí Kàdúná lọ. Nítorí náà, bí ojú bá yí padà lóru ọjọ́ Sátidé, àwọn tí yóò kọ́kọ́ mọ̀ ni ọmọ tí ń kán oògùn sí i, ìyàwó ilé tí ń gbé oúnjẹ wá, àti ọmọ-ọmọ tí ń sùn ní yàrá kan náà. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú nínú, tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń fi ohun tí ó gbà ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Mákúlà ni àárín rẹ̀ gan-an, ibi kékeré kan tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń kàwé, òun ni a fi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun náà ni a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Ìyókù rẹ́tínà ni a fi ń rìn láì kọsẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjá àádọ́ta ọdún, mákúlà àwọn kan a máa bàjẹ́ ní ọ̀nà méjì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni gbígbẹ, nígbà tí ìdọ̀tí kéékèèké ń kó jọ sábẹ́ rẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sì ń kú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì ni ọlọ́mi, nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára ń hù láti ìsàlẹ̀ wá, tí ó ń jo omi àti ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ mákúlà, tí ó sì ń fi àpá sílẹ̀ níbẹ̀. Èkejì yìí ni ó ń yára ba ojú jẹ́. Láàrin àwa adúláwọ̀ àti àwọn ará Éṣíà, oríṣi kan tún wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ tí iṣan náà máa ń wú ní kókó-kókó, tí ó sì lè bẹ́ lójijì kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà sábẹ́ rẹ́tínà lẹ́ẹ̀kan náà. Irú èyí ni ó kan wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, jẹ́ ahunṣọ. Kíjìpá ni ó ń hun lórí òfì tí a nà ró ti ògiri, iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹni tí ó bí wa. Òun ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ojú òun, kí dókítà kankan tó mọ̀. Ó ní òwú tí òun ta sórí òfì wọ́ ní àárín. Ó tú u, ó tún un ta, ó tún wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó dúró tì í wo òwú náà, ó rí i pé ó gún régé. Màmá wá fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, òwú tọ́. Ó bo ti òsì, òwú wọ́. Àyẹ̀wò tí àwọn dókítà ń fi bébà onílà ṣe, èyí tí Marc Amsler, dókítà ojú ọmọ Switzerland, gbé kalẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, kò ju èyí lọ: kí a bo ojú kan, kí a fi èkejì wo àwọn ìlà tí a mọ̀ pé wọ́n tọ́, kí a sì sọ bóyá wọ́n wọ́ tàbí bóyá àárín wọn ti parẹ́. Kí ọjọ́ tí a dá fún dókítà tó pé, Màmá jí ní òwúrọ̀ kan, ó rí i pé ojú ọ̀tún kò rí àárín ohunkóhun mọ́, àfi òkùnkùn tí etí rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dà. Ní àdúgbò, àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní oògùn olóró ni ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọjá lórí ìyẹn.

Ìtàn iṣẹ́ abẹ yìí ni ó ń ṣàlàyé ìdí tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń lọ́ra láti gbé ọ̀bẹ lórí mákúlà. Ọdún 1970 ni Robert Machemer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Miami ní Amẹ́ríkà, fi ohun èlò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba funfun ojú wọ inú ẹyinjú, tí ó fi gé omi kíki tí ó kún inú rẹ̀, tí ó fà á jáde, tí ó sì fi omi mìíràn rọ́pò rẹ̀. Vitrectomy ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ṣí dé rẹ́tínà, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bí iṣan búburú bá wà lábẹ́ mákúlà, ẹ jẹ́ kí a wọlé lọ fà á tu. Àwọn kan tilẹ̀ gé rẹ́tínà yíká, wọ́n sì yí i kí mákúlà lè bọ́ sí orí ibi tí kò tíì bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí aláìsàn ń wò yóò dà bí ohun tí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, àfi kí wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ lórí àwọn iṣan tí ń yí ẹyinjú. Ọgbọ́n ńlá ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò gba gbogbo ọgbọ́n.

Ní ọdún 2004 ni wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Submacular Surgery Trials. Apá kan nínú rẹ̀ dá lórí ènìyàn 336 tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà sábẹ́ mákúlà wọn, irú ti Màmá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìdajì, wọ́n kàn ń ṣọ́ ìdajì kejì. Iṣẹ́ abẹ kò mú kí ìríran àwọn tí a ṣe é fún dúró ju ti àwọn tí a kò fọwọ́ kàn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín iye àwọn tí ojú wọn bàjẹ́ kọjá ààlà kù. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí gbogbo ẹbí gbọ́: rẹ́tínà ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún ni ó ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, nígbà tí ti àwọn tí a kò ṣe é fún kò ju ìdá 2 lọ. Láàrin àwọn tí dígí ojú tí a bí mọ́ wọn ṣì wà, ìdá 44 ni ó ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, ìkùukùu tí ń bo dígí náà, láàrin ọdún méjì, ní ìyàtọ̀ sí ìdá 6 lọ́dọ̀ àwọn tí a kàn ń ṣọ́. Ọgbọ́n àti ohun èlò ìgbà náà kò tó ti ìsinsìnyí, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn wàhálà náà kò tíì yí padà.

Ohun tí ó wá gba ipò ọ̀bẹ ni abẹ́rẹ́. Bevacizumab tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004 fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gún ní ìwọ̀n kékeré sínú ojú. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fọwọ́ sí ranibizumab tí wọ́n ṣe fún ojú gan-an. Oògùn wọ̀nyí ń dí ohun tí ń mú kí iṣan búburú hù. Láti ìgbà náà, a kì í ṣiṣẹ́ abẹ nítorí iṣan náà mọ́, àfi nígbà tí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀ sí ojú kan náà: kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dá sábẹ́ mákúlà tàbí kí ó bẹ́ wọ inú omi ẹyinjú, kí rẹ́tínà ṣí, kí ihò lu mákúlà, tàbí kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan hù lé e lórí kí ó sì máa fún un pọ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé iṣẹ́ abẹ yóò wo mákúlà tí ó gbẹ sàn, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà mìíràn kí ó tó ta ilẹ̀.

Dókítà tí ó gba Màmá kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní òun yóò fi oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sí abẹ́ rẹ́tínà, òun yóò sì fi gáàsì ti ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lábẹ́ mákúlà, àti pé ó ṣeé ṣe nítorí pé a tètè dé; bí ó bá ti ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, èrè rẹ̀ máa ń dín kù gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó pẹ́ níbẹ̀ ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lókè rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjùmú. Bí ó ti gbọ́ ohùn wa, ó kúnlẹ̀, ó fi ìkíni ilẹ̀ wa kí i, ó ní, “Okun o, Màmá,” ara Màmá sì balẹ̀ débi tí ó fi béèrè ohun tí kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tí ó gbójúgbóyà béèrè. Ó ní, “Dókítà, ṣé mo tún lè hunṣọ?” Dókítà náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ ó máa rí òfì. Òwú ni n kò lè ṣèlérí.” Ẹni tí ó bá ń hunṣọ mọ̀ pé aṣọ tí ó ṣí ṣeé lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí iná ti jó kò ní lẹ̀ mọ́. Màmá fọwọ́ sí ìwé náà. Lójú tèmi, ìdáhùn kan yẹn wúlò ju gbogbo ojú-ìwé fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa lọ, mo sì rò pé ó yẹ kí olúkúlùkù aláìsàn béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí ó dárúkọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi ojú náà ṣe, dípò kí ó máa béèrè bóyá ojú yóò “dáa”.

Gáàsì tí wọ́n fi sínú ojú ni ó kọ́kọ́ dá wa lágara nílé. Oríṣi rẹ̀ kan máa ń pẹ́ tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, èkejì lè pẹ́ tó oṣù méjì kí ó tó yọ́ tán fúnra rẹ̀. Nítorí pé gáàsì a máa lé sókè, aláìsàn tí wọ́n fẹ́ kí gáàsì rẹ̀ tẹ mákúlà ní láti dojú bolẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ tí dókítà bá sọ, lójú oorun àti lójú àìsùn. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, tí a ní kí ó máa wo ilẹ̀. A gbé bẹ́ǹṣì kékeré síwájú àga, a ká aṣọ lé e, ó gbé iwájú orí lé e. Ọjọ́ kejì ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní ilẹ̀ wa, a kì í kí àgbà kí àgbà má gbójú sókè dáhùn, Màmá kò sì lè fi ìkíni sílẹ̀ láìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kúnlẹ̀, orí rẹ̀ ti gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wá wá ọgbọ́n dá. Ó tẹ́ ẹní síwájú bẹ́ǹṣì náà, ó ní kí àlejò jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kí Màmá lè máa rí ẹsẹ̀ wọn, kí ó sì máa dá wọn lóhùn láì gbé orí. Àwọn àgbààgbà kan bínú pé a ń mú àwọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí gáàsì bá ṣì kún inú ojú, aláìsàn kì í rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ, èyí sì máa ń mú kí ẹbí pariwo pé wọ́n ti fọ́ ojú tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì ti ń dín kù, ìlà kan yóò hàn tí ó ń mì bí orí bá mì. Òkè ìlà náà ni yóò kọ́kọ́ mọ́, ìlà náà yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi di róbótó kékeré kan tí yóò parẹ́. Ewu gidi wà níbòmíràn. Ẹni tí gáàsì bá wà lójú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì gbọdọ̀ gun òkè gíga, nítorí gáàsì náà yóò wú, yóò sì ti ìfúnpá inú ojú sókè débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè dé rẹ́tínà. Èyí tí ó tún burú jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í mọ̀, ni pé bí nǹkan mìíràn bá gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ lákòókò náà, bóyá ìpákẹ́ tàbí egungun tí ó ṣẹ́ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n sì fi gáàsì kan tí ń jẹ́ nitrous oxide kún oògùn tí wọ́n fi kùn ún lóorun, gáàsì ojú náà yóò wú lórí tábìlì, ojú sì lè fọ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so báńdì tí ó sọ pé gáàsì wà lójú rẹ̀ mọ́ ọwọ́ aláìsàn. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ sì fi í sínú àpò rẹ̀, nítorí dókítà tí yóò tún egungun ṣe ní ìlú mìíràn kò lè wo ojú kí ó mọ̀.

Ìfúnpá yìí náà ni ó fẹ́ mú wa ní òru kan. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Màmá, ó bì, ó tún bì, kò fẹ́ jẹun. Aládùúgbò kan, ẹni ire ni, ti fẹ́ ránṣẹ́ sí kẹ́mísì fún oògùn ibà. Ta ni kò ní rò ó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà òjò? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó béèrè ibi tí orí náà ti ń fọ́ ọ, Màmá sì fi ìka kan ojú ọ̀tún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti wà lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n gba Ọ̀mù-Àràn kọjá sí Ìlọrin. Ìfúnpá ojú ti ga. Oògùn ni wọ́n fi mú un wálẹ̀. Gáàsì lè fà á, òróró sílíkónì tí wọ́n ń lò dípò gáàsì fún àwọn mìíràn lè fà á, oògùn ẹ̀kán tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì náà sì lè fà á bí aláìsàn bá ń lò ó ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, bí oògùn ẹ̀kán bá tán, kí a má kàn gbé páálí òfìfo lọ sí kẹ́mísì kí a ní kí wọ́n fún wa ní irú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ bi dókítà bóyá ó yẹ kí a máa lò ó lọ. Orí fífọ́ àti èébì lára ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún kì í ṣe ibà títí dókítà yóò fi wo ojú náà.

Àkóràn inú ojú ni èyí tí a ń bẹ̀rù jù. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, ó sábà máa ń dé láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ojú á pọ́n, á máa dunni síwájú sí i dípò kí ìrora rẹ̀ máa rọlẹ̀, ìríran á sì yára lọ sílẹ̀. Wákàtí ni a ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti rẹ́tínà tí ó ṣí: mànàmáná kéékèèké ní etí ojú, ohun dúdú púpọ̀ tí ń fò kiri lójijì, àti òjìji bí aṣọ tí wọ́n ń ta bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní ìrora rárá, ìdí nìyí tí àgbàlagbà fi lè gbé e pamọ́ kí ó má bàa da àwọn ọmọ láàmú. Ẹni tí mákúlà rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ìṣòro kan sí i, nítorí pé ojú náà kò ríran dáadáa tẹ́lẹ̀, kò sì ní tètè mọ̀ pé ó tún ti dín kù. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni kí ó máa béèrè lójoojúmọ́ bóyá ó rí ọwọ́ láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí oògùn ojú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ojú nígbà iṣẹ́ abẹ. Oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, irú bí aspirin, dókítà ni kí ó sọ bóyá kí a dá a dúró tàbí kí a má dá a dúró.

Kátáráàtì ní tirẹ̀ kì í kánjú. Ẹni tí ó bá ti kọjá àádọ́ta ọdún tí wọ́n sì fa omi inú ojú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé dígí ojú rẹ̀ yóò kún fún ìkùukùu láàrin ọdún méjì. Nígbà tí èyí bá dé, ẹbí á tún rò pé àìsàn mákúlà ni ó ń pọ̀ sí i, wọn á sì fi ọwọ́ lẹ́rán, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí ṣeé tún ṣe. Ẹ̀rù àwọn tí ń gbé abẹ́rẹ́ kiri abúlé, tí wọ́n ń ti dígí ojú ṣubú sẹ́yìn, ni ó wà lọ́kàn mi bí mo ti ń kọ èyí. Ojú tí ó ti gba iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà kì í ṣe ojú tí a ń dán nǹkan wò lára rẹ̀.

Ní ti Màmá, ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Dókítà fi àwòrán hàn wá, inú rẹ̀ dùn, inú wa náà sì dùn. Àárín ojú kò padà tó bí a ti fẹ́. Ó ń rí òfì. Ó ń rí ewúrẹ́ tí ó wọ inú àgbàlá, ó ń rí òkúta ní ọ̀nà, kò sì nílò ẹni tí yóò dì í lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ojú òsì nìkan ni ó fi ń mọ ènìyàn, ojú òsì náà kò sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà, nítorí obìnrin kan ní Màmá fò òun dá, pé ó yà fún òkúta ó sì gba iwájú òun kọjá láì kí òun. Báwo ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ìlú tí ìkíni jẹ́ ìdá kan nínú ìwà pé ènìyàn lè rí òkúta kí ó má mọ ojú? Ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn máa pe orúkọ ara wọn bí wọ́n bá pàdé rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ó fẹ́ gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà mọ́ dókítà lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọdé kéékèèké tí wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí wọn kì í sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ pé, ó mọ orúkọ gbogbo wa, ó sì mọ̀ pé àwọn ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ó pa á mọ́ra fún ìgbà pípẹ́ nítorí ó mọ ohun tí a máa ń pe arúgbó obìnrin tí ó bá ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ó ti sọ ọ́ níkẹyìn ni àwọn kan ti fẹ́ gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Ọpọlọ tí kò rí iṣẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ ojú mọ́ ni ó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Charles Bonnet, onímọ̀ ọmọ Switzerland, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1760, lórí ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ ń rí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe é títí di òní. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àjẹ́. Bí iná bá pọ̀ sí i nínú yàrá, tàbí bí aláìsàn bá ṣẹ́jú léraléra tí ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń lọ. A ra gílóòbù tí ó mọ́lẹ̀ jù sí yàrá Màmá, a sì ra iná sólà kékeré fún ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Àwọn ọmọ náà ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní wọn kò dá òun láàmú mọ́.

Iṣẹ́ abẹ kò fi òpin sí abẹ́rẹ́, èyí sì ni ó yà àwọn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu jù, nítorí wọ́n rò pé owó ńlá tí a san ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Gáàsì ti ẹ̀jẹ̀ kúrò. Iṣan tí ó bẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè tún bẹ́. Ojú òsì ni a ń ṣọ́ jù báyìí, nítorí àìsàn mákúlà kì í sábà mú ojú kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ rẹ̀ máa ń ní kí ó bo ojú ọ̀tún kí ó sì fi òsì wo àwọn irin ojú fèrèsé pálọ̀. Bí irin kan bá wọ́, ọjọ́ kejì ni wọn yóò gbéra. Dókítà ti sọ pé abẹ́rẹ́ ni yóò jẹ́, kì í ṣe ọ̀bẹ, pé yóò jẹ́ oṣooṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mọ bí wọn yóò ṣe máa jìnnà síra wọn. Àwọn ọmọ ti pín in láàrin ara wọn: àwọn tí ó wà ní Lọ́kọ́jà àti Àbújá ni yóò máa san owó abẹ́rẹ́, èyí tí ó wà ní Ìsánlú ni yóò máa mú un lọ, èmi ni mo sì gbà láti máa san owó ọkọ̀.